Kì í Ṣe Pẹ́ńṣàn Àtijọ́ Ló Bọ́ Àwọn Àgbà Festac

Ní ọjọ́ 21 oṣù Keje 2025, àwọn ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì tú jáde ní Àbújá. Àwọn tí iṣẹ́ wọn tẹ́lẹ̀ jẹ́ láti tú afẹ̀hónúhàn ká ló wá di afẹ̀hónúhàn fúnra wọn, Omoyele Sowore, ẹni tí ọlọ́pàá ti tì mọ́lé láìmọye ìgbà, ló sì wà níwájú wọn. Ohun tí wọ́n ń bèèrè kò ṣòro lóye: kí ìjọba yọ àwọn kúrò nínú ètò ìfẹ̀yìntì alájọdá, níbi tí òṣìṣẹ́ àti ìjọba ti jọ ń dá owó sí orúkọ òṣìṣẹ́, kí wọ́n dá àwọn padà sí ti àtijọ́.

Ó ṣòro láti rí ẹni tí àánú wọn kò ṣe. Láti àyíká Area E ní Èkó, níbi tí ọlọ́pàá Festac fi ṣe ibùjókòó, títí dé sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin, láàárín àwọn tísà, àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn akọ̀wé, orin kan náà ni gbogbo wọn ń kọ. Pẹ́ńṣàn àtijọ́ ló dára. Àwọn tó fi gbogbo ayé wọn sin ìjọba láyé Gowon, láyé Ṣàgàrí, láyé Babangida, wọ́n jẹun kánú. Ẹ wo ilé tí wọ́n ń gbé ní Fourth Avenue ní Festac. Ètò tí Ọbásanjọ́ gbé dé ní 2004 ló ba gbogbo nǹkan jẹ́.

Èrò yìí ti gbilẹ̀ débi pé kò sẹ́ni tó ń bèèrè ẹ̀rí fún un mọ́. Àṣìṣe sì ni. Ó léwu pẹ̀lú, nítorí ó ń fa òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ ajigbèsè kan náà tó ti jẹ baba rẹ̀ lówó, pé kó wá gba ìwọ̀nba tó wà ní orúkọ òun tọ́jú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fún ètò àtijọ́ ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Lórí ìwé, ó dùn ún kà. Òfin ìfẹ̀yìntì ti 1979, tí wọ́n dá ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ padà sí oṣù Kẹrin 1974 láti bá owó Údójì, àfikún owó oṣù ìgbà náà, rìn, nígbà tí wọ́n fi máa tún un ṣe tán, ó ṣèlérí pé ẹni tó bá sin ìjọba fún ọdún 35 yóò gba gírátúítì tó tó owó oṣù ọdún mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn èyí yóò máa gba ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tó gbà kẹ́yìn. Òṣìṣẹ́ kò sì dá kọ́bọ̀ kan. Ẹni tó ń gba 70,000 náírà lónìí, tí òfin náà bá kàn án, ì bá kó mílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀ lọ sílé, ì bá sì máa gba 56,000 náírà lóṣooṣù. Ètò tuntun kò lè fún ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kéré ní iye yẹn, ẹni tó bá sì sọ pé ó lè ṣe é ń tan àwọn èèyàn ni.

Ṣùgbọ́n níbo ni wọ́n kó owó náà sí? Kò síbì kankan. Ọdọọdún ni wọ́n ń wá a nínú ìsúná. Bí epo bá wọ́n lọ́jà àgbáyé, wọ́n á san. Bí epo bá já wálẹ̀, àgbà á lọ tò. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí Fọlá Adéọlá ṣe alága rẹ̀ máa fi jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí láyé Ọbásanjọ́, gbèsè ìfẹ̀yìntì tó wà lọ́rùn ìjọba ti tó nǹkan bíi tírílíọ̀nù méjì náírà. Ẹni tó bá ti gbọ́njú ní ìparí ọdún 1990 kò ní í béèrè ohun tí wọ́n ń pè ní fẹrifikéṣọ̀n: àwọn arúgbó lórí ìlà nínú oòrùn, fáìlì lábíyá, tí wọ́n wá láti Badagry àti Ẹ̀pẹ́ kí akọ̀wé kan lè fojú rí i pé wọn kò tíì kú. Àwọn mìíràn kú sórí ìlà yẹn. Ọ̀dọ̀ ètò tí gbogbo ènìyàn ń pòǹgbẹ fún yìí ni wọ́n ti ń bọ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ Nigeria Airways ńkọ́? Ní 2003 ni ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú náà kógbá sílé. Ó di 2018, láyé Bùhárí, kí wọ́n tó rí ìdajì owó tó ṣẹ́kù tí ìjọba jẹ wọ́n. Lẹ́yìn ọdún 15, ọ̀pọ̀ wọn kò sí láyé láti gbà á, àwọn ọmọ ló wá ń gbé ìwé ẹ̀rí ikú lọ síwájú òṣìṣẹ́ ìjọba. Ìlérí ìjọba ni wọ́n ní lọ́wọ́ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn.

Ibi tó yẹ kó dun ọlọ́pàá jù nìyí. Ní oṣù Kìíní 2013, ilé ẹjọ́ gíga kan ní Àbújá dájọ́ fún John Yakubu Yusufu, òṣìṣẹ́ ìjọba tó jẹ́wọ́ pé òun lọ́wọ́ nínú ìwà jìbìtì owó ìfẹ̀yìntì ọlọ́pàá. Bílíọ̀nù 32.8 náírà ni ẹjọ́ náà dá lé lórí. Adájọ́ ní kó lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjì tàbí kó san 750,000 náírà. Ó san án, gbogbo ìlú pariwo. Ọdún 2018 ni ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì ní kó dá bílíọ̀nù 22.9 padà. Abdulrasheed Maina, ẹni tí ìjọba yàn ní 2010 láti wá tú àwọn olè inú owó ìfẹ̀yìntì fó, òun náà gba ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́jọ ní oṣù Kọkànlá 2021. Owó ètò wo ni gbogbo wọn ń kó? Ti àtijọ́ ni. Owó náà wà ní ojú kan, kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni lára rẹ̀, ẹni tó bá mú kọ́kọ́rọ́ ló ni ín. Ó yani lẹ́nu pé àwọn tí wọ́n jà lólè nínú yàrá yẹn gan-an ló ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ káwọn padà wọlé.

Wọ́n á ní sójà ńkọ́? Lóòótọ́, wọ́n yọ àwọn ológun àti àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kúrò nínú ètò alájọdá ní 2011, ẹ̀sùn ìlara tí ọlọ́pàá ń rọ́ kò sì ṣàìní ìdí. Ṣùgbọ́n àwọn wo ló dí ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ ètò ìṣúná ní Àbújá ní ìparí 2024 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2025? Sójà tó ti fẹ̀yìn tì ni, nítorí àfikún owó tí wọ́n fọwọ́ sí tí wọn kò san. Àwọn tó ń gbé nítòsí Navy Town ní Alakija tàbí bárékè Ọjọ́ mọ̀ pé kò tíì sí párádísè kankan lẹ́yìn odi yẹn. (Ní Chile, tí Nàìjíríà ti wo àwòkọ́ ètò yìí, ìjọba ológun tó fi tipá gbé e lé aráàlú lórí ní 1981 kò jẹ́ kó kan sójà àti ọlọ́pàá tiwọn. Ó jọ pé ẹni tó bá mú ìbọn dání máa ń mọ ọ̀nà àbáyọ ṣáájú.)

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń yin ètò àtijọ́ kì í sọ, bóyá nítorí pé ọkùnrin ló pọ̀ nínú wọn. Lábẹ́ òfin 1979, ọdún márùn-ún péré ni owó ìfẹ̀yìntì dájú fún ìdílé. Bí bàbá bá fẹ̀yìn tì lónìí tó sì kú ní ọdún kẹfà, owó náà ti bá a wọ kòtò. Ìyàwó kò ní kọ́bọ̀ kan láti gbà. Nínú ètò tuntun, iye tó bá ṣẹ́kù ní orúkọ olóògbé, ti ìdílé rẹ̀ ni. Àwọn opó tó wà ní Festac lónìí, tí ọkọ wọn ti kú láti bí ogún ọdún, kí ni wọ́n fi ń jẹun?

Ilé ni. Ilé náà ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Ìtàn rẹ̀ kò fara sin. Láti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì 1977, àwọn adúláwọ̀ láti gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà àti òkè òkun péjọ sí Èkó fún FESTAC '77. Owó epo ń ya wọlé nígbà náà, ìjọba ológun sì kọ́ odindi ìlú kan sí ẹ̀bá ọ̀nà Badagry láti fi gba àwọn àlejò, pẹ̀lú ọ̀dà lójú títì, iná, omi ẹ̀rọ, àti ọ̀nà ẹ̀gbin tó gba abẹ́ ilẹ̀. Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, FHA, àjọ ilé kíkọ́ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1973, ní kí àwọn ọmọ Nàìjíríà wá ṣẹ́ kèké. Ẹni tí kèké bá mú gba ilé. Òṣìṣẹ́ ìjọba pọ̀ nínú wọn, akọ̀wé, tísà, òṣìṣẹ́ èbúté, àwọn èèyàn tí owó oṣù wọn kò lè kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ láé. Satellite Town wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, láàárín 1979 sí 1983, Lateef Jakande tó jẹ́ gómìnà Èkó kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú káàkiri ìpínlẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì wà ní Àmúwò títí di òní.

Kí ẹ wá wo ohun tí àwọn ilé Festac ń ṣe. Lójú 23 Road àti ní First Avenue, gáréèjì ti di ṣọ́ọ̀bù, BQ ti gba ayálégbé, yàrá iwájú ti di ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi tàbí ibi ìdirun, ibi tí òdòdó ń hù tẹ́lẹ̀ ti di búkà. Púpọ̀ nínú rẹ̀ lòdì sí àdéhùn tí FHA bá àwọn tó gba ilé ṣe, nítorí àdéhùn náà kò fàyè sílẹ̀ kí onílé yí ilé padà bó ṣe wù ú. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àjọ náà á jáde wá pẹ̀lú ọ̀dà pupa. Ní oṣù Kẹjọ 2023 wọ́n kéde pé ilé tó lé ní 600 ni àwọn máa wó. Òfin wà lẹ́yìn wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fara balẹ̀ wò ó yóò rí i pé àwọn ṣọ́ọ̀bù àti BQ wọ̀nyẹn gan-an ni owó ìfẹ̀yìntì àdúgbò náà. Nígbà tí ìjọba fi 32,000 náírà kún owó oṣooṣù àwọn tó wà lórí ètò àtijọ́, lẹ́yìn tí owó oṣù tó kéré jù lọ di 70,000 náírà ní oṣù Keje 2024, ariwo ayọ̀ sọ. Iye yẹn kò lè san owó oṣù kan lórí ilé oníyàrá mẹ́ta ní Festac. Ẹni tó ni ilé náà ló ń jèrè lára àgbà tí kò ní.

Ẹ fojú inú wo akọ̀wé méjì tí wọ́n jọ wọṣẹ́ ní 1970, tí wọ́n jọ fẹ̀yìn tì ní 2005 ní ipò kan náà. Ètò àtijọ́ ló gbé àwọn méjèèjì lọ sílé, nítorí òfin 2004 kò kan ẹni tí kò ju ọdún mẹ́ta lọ tó kù fún un lẹ́nu iṣẹ́. Owó ìfẹ̀yìntì wọn dọ́gba dé kọ́bọ̀. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé kèké mú ọ̀kan ní 1977, kò mú èkejì. Ọ̀kan ní ayálégbé lẹ́yìnkùlé, ó ní ibi tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń dé sí nígbà tí wọ́n bá ti London wá, nígbà àìsàn ó ní ohun tó lè ta tàbí tó lè fi yáwó. Èkejì ń bá lánlọ́ọ̀dù fa wàhálà lójú ọ̀nà Ìjẹ̀gùn, tàbí kó ti palẹ̀ mọ́ lọ sí ìlú bàbá rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ bá wá ń sọ pé pẹ́ńṣàn àtijọ́ tọ́jú àwọn baba wọn, ẹni àkọ́kọ́ ni wọ́n ń rí. Wọn kò lè rí èkejì, nítorí kì í gbé Festac mọ́.

Àwọn déètì tó súnmọ́ ara wọn ló da ọ̀rọ̀ náà rú. Ní 2003, ìjọba Ọbásanjọ́ bẹ̀rẹ̀ ètò tó sọ àǹfààní òṣìṣẹ́ di owó lásán, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí ta ilé ìjọba. Ní 2007, ilé-iṣẹ́ UPDC ra 1004 Estate ní Victoria Island, tó ti jẹ́ ibùgbé òṣìṣẹ́ ìjọba láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ní bílíọ̀nù méje náírà. Láàárín àwọn nǹkan wọ̀nyí, ní oṣù Kẹfà 2004, òfin ìfẹ̀yìntì tuntun jáde. Ilé kúrò lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, pẹ́ńṣàn náà sì yí padà, láàárín ọdún bíi mélòó kan sí ara wọn. Aráàlú kó méjèèjì pọ̀, wọ́n gbé gbogbo ẹ̀bi ru pẹ́ńṣàn. Ta ló tún ń sọ̀rọ̀ ilé?

Tísà tó ń kọ́ ọmọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Festac lónìí kò lè gbé Festac. Okokomaiko ló ti ń bọ̀, tàbí Sango, láti aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí. Ọkọ̀ ojú irin Blue Line tó bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò láti Marina dé Mile 2 ní oṣù Kẹsàn-án 2023 ni wọ́n ń nà lọ sí Okokomaiko báyìí, ẹ sì mọ ohun tí àwọn lánlọ́ọ̀dù máa ń ṣe nígbà tí ojú irin bá súnmọ́ wọn. Tí tísà yìí bá fẹ̀yìn tì, kódà kí wọ́n dá ètò 1979 padà fún un pẹ̀lú ìdá 80 rẹ̀, owó ilé ni yóò máa fi san.

Nǹkan kan ṣì wà tó yẹ ká fi ẹ̀sùn rẹ̀ kan ètò alájọdá, kó má jọ pé agbẹjọ́rò rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ níbí. Àwọn tó gbé e kalẹ̀ sọ fún òṣìṣẹ́ pé owó tó bá pẹ́ nínú àpò ló ń so èso jù. Ní 2004, ẹni tó ń gba 7,500 náírà, owó oṣù tó kéré jù lọ fún òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, ń dá ìdá 7.5, ìjọba ń fi ìdá 7.5 kún un: 1,125 náírà lóṣù ni àpapọ̀ rẹ̀. Ní 2011 tí owó oṣù di 18,000, ó di 2,700. Òfin 2014 sọ ọ́ di ìdá mẹ́jọ fún òṣìṣẹ́ àti ìdá mẹ́wàá fún ìjọba, nítorí náà ẹni tó ń gba 70,000 lónìí ń ní 12,600 lóṣù. Ẹ rí ibi tó ti ń jò. Owó tó pẹ́ jù nínú àpò ni ó kéré jù, òun sì ni ọ̀wọ́ngógó ti jẹ fún ogún ọdún. Lẹ́yìn tí wọ́n tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2023, dọ́là tó ń lọ ní 460 náírà kọjá 1,500. Kò sí olùtọ́jú owó kankan tó lè sọ 1,125 náírà di oúnjẹ arúgbó.

Èyí ló ń bí ọlọ́pàá nínú, inú rẹ̀ sì tọ́ kó bí. Àmọ́ ohun tó ń dùn ún ni pé owó oṣù rẹ̀ kéré láti ọjọ́ tó ti wọṣẹ́, ìjọba tó gbà á síṣẹ́ kò san tirẹ̀ lásìkò, owó ilẹ̀ yìí sì wó lójú rẹ̀. Ètò àtijọ́ kò ní oògùn fún ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìdá 80 nínú owó kékeré, kékeré náà ni.

Ẹ̀rí tó le jù wà ní ìpínlẹ̀ méjì tó fara kan ara wọn. Èkó ṣe òfin ètò alájọdá tirẹ̀ ní 2007, ó sì dá LASPEC sílẹ̀ láti máa bójú tó o. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin àti tísà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n fẹ̀yìn tì wọ́n sì jókòó de owó ọdún tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ kí ètò náà tó bẹ̀rẹ̀, títí tí ìjọba Babájídé Sanwó-Olú fi kéde láìpẹ́ yìí pé òun ti san gbèsè náà tán. (Àwọn ayẹyẹ tí wọ́n fi ń pín ìwé owó náà, pẹ̀lú fọ́tò àti ìlù, ti pọ̀ jù fún gbèsè tí ẹni tó jẹ ẹ́ pẹ́ san.) Ní Ògùn, òfin wà láti 2006, wọ́n ń yọ owó kúrò nínú owó oṣù òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún owó náà kò dé àpò ẹnikẹ́ni. Kí ni àwọn òṣìṣẹ́ Ògùn bèèrè? Pé kí wọ́n fagi lé ètò náà. Irú òfin kan náà ni Èkó àti Ògùn ní, ó ṣiṣẹ́ níbì kan, ó kùnà níbì kejì. Ohun tó yàtọ̀ ni bí ẹni tó jẹ gbèsè ṣe fẹ́ san án. Tí gómìnà bá lè di ìdá mẹ́wàá tí òfin ní kó san lóṣooṣù mú, kí ni yóò mú un san ìdá 80 lọ́dún 30 sí i, nígbà tí ẹlòmíràn yóò ti wà lórí àga rẹ̀?

Ìjọba àpapọ̀ náà kò mọ́. Ìdá márùn-ún nínú owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni òfin ní kó máa tọ́jú sí báńkì àpapọ̀ fún gbèsè tó ti wà kí 2004 tó dé. Kò ṣe é bó ṣe yẹ fún ọdún púpọ̀, ó wá di dandan ní oṣù Kejì 2025 kí ìgbìmọ̀ aláṣẹ fọwọ́ sí yíyá bíi bílíọ̀nù 758 náírà láti fi san án. Ẹni tó ń yáwó láti san ohun tí òfin ti ní kó máa fi pamọ́, òun ni òṣìṣẹ́ fẹ́ fi gbogbo ọjọ́ ogbó rẹ̀ sí lọ́wọ́ láìní ohun ìdúró.

Ewu tòótọ́ tó wà nínú ètò alájọdá, àwọn tó ń fẹ̀hónú hàn kì í dárúkọ rẹ̀. Owó tí òṣìṣẹ́ Nàìjíríà ti kó jọ ti kọjá tírílíọ̀nù 20 náírà, ó sì ju ìdajì rẹ̀ dáadáa lọ tí wọ́n fi yá ìjọba àpapọ̀. Bí ẹni tó gbé èsúsú rẹ̀ fún alájọ tí alájọ sì gbé e fún bàbá onílé tó ń jẹ ẹ́ lówó tẹ́lẹ̀, òṣìṣẹ́ ti tún padà di ẹni tí ìjọba jẹ ní gbèsè, láti ẹ̀yìnkùlé. Gánà fi ohun tó lè ṣẹlẹ̀ hàn wá. Ní oṣù Kejìlá 2022, ìjọba rẹ̀ ní kí gbogbo ẹni tó yá òun lówó wá gba èyí tó dín kù, àwọn àpò ìfẹ̀yìntì pẹ̀lú. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ halẹ̀ ìdaṣẹ́sílẹ̀, ìjọba sì yọ owó ìfẹ̀yìntì kúrò. Àwọn àgbà tó fi owó tiwọn ra ìwé gbèsè náà kò rí ààbò bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kejì 2023 wọ́n ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ ìṣúná ní Accra, Sophia Akuffo tó ti jẹ́ adájọ́ àgbà Gánà rí sì wà láàárín wọn. Tí irú rẹ̀ bá dé Àbújá, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí gbogbo agbára rẹ̀ ti lọ sórí pípadà sí 1979 kò ní í mọ ohun tí wọ́n ń jà fún.

Àwọn nǹkan tó yẹ kí wọ́n jà fún ti wà nínú ìwé òfin, eruku ló bò wọ́n. Abala 173 ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 ní kí wọ́n máa ṣàtúnyẹ̀wò owó ìfẹ̀yìntì ní ọdún márùn-ún márùn-ún, tàbí nígbàkúgbà tí owó oṣù bá yí padà, èyí tó bá yá. Abala 210 sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ìpínlẹ̀. Kò sọ pé ti ètò àtijọ́ nìkan. Síbẹ̀ nígbà tí 32,000 náírà yẹn jáde, àwọn tó fẹ̀yìn tì lábẹ́ ètò alájọdá ń wòran. Òfin 2004 ṣèlérí iye kan tí owó ìfẹ̀yìntì ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wálẹ̀ jù, òfin 2014 tún un sọ, ogún ọdún kọjá kò sẹ́ni tó gbà á. Ọdún 2025 ni PenCom, àjọ tó ń bójú tó ètò ìfẹ̀yìntì, tó sọ pé yóò bẹ̀rẹ̀. Inspẹ́kítọ̀ tó fẹ̀yìn tì ní Festac pẹ̀lú owó tí kò tó ra àpò ìrẹsì nílò ìlérí yẹn ju ìwé ìyọkúrò lọ.

Ilé ńkọ́? Ní oṣù Kẹsàn-án 2022, PenCom fàyè gba òṣìṣẹ́ láti mú ìdá 25 nínú owó rẹ̀ fi ṣe owó ìṣáájú fún ilé. Èrò náà dára, àmọ́ ẹni tí owó rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù márùn-ún yóò rí mílíọ̀nù kan àti 250,000 náírà, èyí tí kò lè ra igun pílọ́ọ̀tì kan ní gbogbo Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin. FHA kò ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1977: ó kọ́ ilé kó tó pe èèyàn. Tírílíọ̀nù tó ń lọ sí àpò ìjọba láti fi dí ihò ìsúná, apá kan nínú rẹ̀ lè kọ́ ilé tí òṣìṣẹ́ tó dá owó náà máa gbé, tí yóò sì máa san díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi di tirẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n á ní kò rọrùn, pé olóṣèlú á pín in fún ọmọ rẹ̀. Ó ṣeé ṣe. Kèké 1977 náà kò mọ́ tónítóní. Síbẹ̀ òun ló ń bọ́ àwọn opó títí di òní, lẹ́yìn tí pẹ́ńṣàn ọkọ wọn ti dákẹ́.

Òfin owó oṣù ti 2024 ní kí wọ́n máa ṣàtúnyẹ̀wò ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta, èyí tó fi hàn pé 2027 ni ìjókòó tó ń bọ̀, ọdún ìdìbò sì ni. Tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá wọlé lọ pẹ̀lú ìbéèrè pé kí wọ́n dá àwọn padà sí ètò àtijọ́, kí ó má yà wọ́n lẹ́nu tí olóṣèlú bá gbà á tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ kan bá kúrò nínú ètò alájọdá, ọjọ́ náà ni ìjọba bọ́ lọ́wọ́ ìdá mẹ́wàá tó ń san lé e lórí lóṣooṣù. Gbèsè tó fi rọ́pò rẹ̀ kò ní í pé títí di ọdún tí olóṣèlú náà kò ní í sí níbẹ̀. Ìlérí abala 173, owó tí kò gbọdọ̀ wálẹ̀ jù, àti ilé, lọ́dún 2027 gan-an ni wọ́n á ná ìjọba lówó. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹnikẹ́ni ní Àbújá tó ń bá wọn pariwo rẹ̀.